Ìsinmi Kì í Ṣe Ìkọ̀sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ara ni a gbé tọ̀ yín wá lónìí. Àwọn àgbà wa ní ìlera lọrọ̀. Ẹni tí àìsàn kò bá tíì gbé dè rí nìkan ni ó lè rò pé àsọdùn ni.

Tọkọtaya ni àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni a ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́hun sì fi ta wá lọ́rẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ èyí ọkọ nínú wa ní àgbẹjù. Ó ń mu omi tọ̀sán-tòru, ó sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. A kọ́kọ́ rò pé ooru ni. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó fẹnu kan nǹkan. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ 214, bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti dé 126 ni wọ́n ti ń fura sí àtọ̀gbẹ. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 160 lórí 100. Nígbà tí ó gun òṣùwọ̀n, kílò 101 ni. Wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́jọ́ mìíràn, kò yí padà. Dókítà ní oògùn wà, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò lè dá a ṣe: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn, ẹnu sì gbọ́dọ̀ ní ìjánu.

A kò fojú kan oorun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àrùn yìí kan náà ni ó gba ojú lọ́wọ́ bàbá èyí ọkọ nínú wa kí ó tó jáde láyé. Ìyá wa tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ń mú un lọ́wọ́ kiri ilé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé a kò ní sọ fún Ìyá. A ní kí ojú má ṣe rí ìbi lẹ́ẹ̀kejì, kódà kí etí má gbọ́ ọ. A rò pé àánú ni a ń ṣe wọ́n.

A bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti kí ìrun Àsùbá tán, àwa méjèèjì a wọ bàtà, a ó sì rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín àdúgbò wa ní Bódìjà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 150 ìṣẹ́jú, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe dín kù sí. Kò sí àrùn lára èyí ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá rìn, kì í pẹ́ sú u. Àmàlà wá kéré bí ìkúùkù, ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, mínírà di èèwọ̀, iyọ̀ dín kù. Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún ọdún 2024, òṣùwọ̀n sọ kílò 90, ṣúgà sì ti wálẹ̀ sí 118. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òṣùwọ̀n kì í wọ̀n. Ilé wa ti dà bí bárékè sójà. Àbíkẹ́yìn wa a máa fi bisikíìtì pamọ́ sínú àpò ìwé rẹ̀ bí ẹni tó jalè. Bí wọ́n bá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ, a ó gbé oúnjẹ tiwa dání, tàbí kí a má lọ rárá. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni ti Iléyá ọdún 2023. A gbé kúlà oúnjẹ wa láti Ìbàdàn wọ ilé Ìyá. Ìyá ti rin ewùrà, wọ́n ti se ìkọ́kọrẹ́ tí ó kún fún ẹja, bí wọ́n ti máa ń sè é láti ìgbà tí ọmọ wọn wà ní kékeré. A ní a ti yó. Ìyá wo kúlà náà, wọ́n wo ojú wa, wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n gbé àwo náà padà sí ilé ìdáná. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, wọn kò sìn wá dé ìdí ọkọ̀. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bí Iléyá ọdún 2024 ti ń sún mọ́lé, èyí ọkọ ní òun kò lọ. Ó ní ẹran yóò pọ̀, ìrìn yóò dúró, gbogbo làálàá ọdún kan yóò wá di omi. Èyí ìyàwó dá a lóhùn pé, "Kí ẹ lè pẹ́ láàárín àwọn èèyàn yín ni ẹ ṣe ń ṣọ́ra. Bí ẹ bá wá ń sá fún wọn nítorí ìṣọ́ra, kí ni èrè rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. A gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ márùn-ún kò lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́, bí a bá pa òfin mẹ́ta mọ́. Oògùn kò gbọdọ̀ ní ìsinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan. Mínírà àti ohun mímu tó ní ṣúgà kò gbọdọ̀ padà wọlé. Kí a sì mú ọjọ́ tí a óò padà sẹ́nu ìrìn kí a tó kúrò nílé, kí a sọ ọ́ sétí ẹlòmíràn. A fi gègé yí Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹfà, ká lórí kàlẹ́ńdà, a sì sọ fún àkọ́bí wa obìnrin pé òun ni kó dì wá mú.

Ní ọjọ́ Sátidé, 15 oṣù kẹfà, a gba ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Mamu lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. A kò gbé kúlà. Ọjọ́ Àràfá ni. Èyí ìyàwó gba àáwẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà kò jẹ́ kí èyí ọkọ gbà á. Nígbà tí a ṣínu tán lálẹ́, èyí ọkọ yọ oògùn rẹ̀ kí ó tó rántí pé Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìyá na ọwọ́, wọ́n gba páálí oògùn náà, wọ́n sún un mọ́ iná.

Wọ́n ní, "Oògùn bàbá rẹ nìyí."

Kò sí ẹni tó lè fọhùn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ka oògùn yẹn sí ọkọ wọn lọ́wọ́. Ta ni yóò purọ́ fún wọn? A jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí òùngbẹ títí dé orí kúlà. Ìyá sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà kì í ṣe ti ìbẹ̀rù bí a ti rò. Wọ́n ní, "Mo ti rò pé oúnjẹ mi ló ń rí yín lára. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe yín." Àwa méjèèjì dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìsinmi wa tó di ìsinmi. A kí ìrun Yídì, a pa àgbò, àwọn ọmọ ń gbé ẹran sàárà láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bù ú fún ọmọ wọn: ó mọ níwọ̀n, iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ní, "Jẹ ẹ́, má jẹ ẹ́ yó." Wọ́n mọ oúnjẹ alátọ̀gbẹ ju àwa lọ, a ò kàn bi wọ́n ni.

Ní ọjọ́ Túsìdeè a lọ wo Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí ó ti ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí ìlú náà wá, pé Awùjalẹ̀ fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tí ó wàjà ní ọdún 2025, ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà, ẹsẹ̀ ni a fi rìn lọ, òun náà ni a fi rìn bọ̀. Àwọn régberégbe ń kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun ń gẹṣin, àbíkẹ́yìn wa sì wà léjìká bàbá rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ yẹn ju ti Bódìjà lọ dáadáa, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó wo aago.

A padà sílé ní Ọjọ́rú. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ní Ọjọ́bọ̀, òjò ń ṣẹ́, ara wúwo, ibùsùn ń pè wá. Bí a ti ń wo ojú ara wa ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Àkọ́bí wa ni, ó gbé bàtà wa méjèèjì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ní kí n rán yín létí." Ojú tì wá, a dìde. Òṣùwọ̀n sọ kílò 92, àyà wa já. Èyí ọkọ ní òun kò ní jẹun títí di alẹ́. Dókítà ní kó má dán an wò: púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi tí iyọ̀ mú dání, ẹni tó sì ń lo oògùn ṣúgà kì í fi ebi gba ẹ̀san lára ara rẹ̀. Kí a ṣáà padà sí bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. A gbọ́ràn. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, òṣùwọ̀n ti padà sí 90.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀sìn wa fún ara ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ó fún ará ilé náà ní tiwọn. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rẹ́ èkejì jẹ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kó jẹ́ kí àwọn tó ń se oúnjẹ fún un mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìṣọ́ra tí a kò ṣàlàyé, ìgbéraga ni yóò jọ lójú ìyá ẹni. Ẹni tó bá sì fẹ́ sinmi, kó sinmi. Ṣùgbọ́n kó mọ ọjọ́ tí yóò padà, kó má sì fi oògùn sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ó bá ti di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù wa a dún. Ìyá ni. Wọn kì í kí wa tán kí wọ́n tó béèrè pé, "Ṣé ẹ ti rìn?"

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí gbogbo wa, kó sì dá àwọn òbí wa sí fún wa. Àmín.