Gángan Bàbá Mi

Ìlú Du ni a bí mi sí, láàrin àwọn Berom, ní ẹ̀bá Bukuru, níbi tí àpáta ti yí ilé ká bí ọgbà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, a gbé gángan kọ́ apá, a lọ bá ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan ṣeré. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ̀rọ ṣe gba gángan náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì tún dá a padà fún un, ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí Túndé King ń ṣe àwo jùjú ní 1936, ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò tí ì dé agbo. Bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú pẹlẹbẹ tó wọn. Bí gángan bá dá sí i, yóò bo olórin mọ́lẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1940 ni Àkànbí Wright mú gángan wọ inú jùjú, ìgbà náà gan-an ni Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ mọ́ jìtá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn ti ń pọ̀ sí i lójú agbo, ṣùgbọ́n kí ohùn pọ̀ ọ̀tọ̀, kí a gbọ́ ohun tí ó ń sọ ọ̀tọ̀. Àwọn Beatles pàápàá, nígbà tí wọ́n ṣeré fún nǹkan bí 55,000 ènìyàn ní Shea Stadium ní New York ní 1965, agbára káká ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn, nítorí igbe èrò bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni àṣà kí a gbé sípíkà kọjú sí àwọn eléré fúnra wọn tó gbilẹ̀.

Kò tí ì dé ọ̀dọ̀ tiwa ní 2011. Níbi ìsìnkú kan ní Bukuru, wọ́n gbé sípíkà méjì gìrìwò kọjú sí èrò, wọ́n sì fún olórin àti onígángan ní maikirofóònù kan ṣoṣo, tí ó ń hu bí ajá tí a tẹ̀ ní ìrù. Bàbá mi ń ki àwọn ọmọ olóòkú, ṣùgbọ́n gbì-gbì-gbì nìkan ni ó ń jáde. Gángan tí a kò gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀, kí ni ó sọ? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóòkú bi í bóyá èébú ni tàbí oríkì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlá gbáko ni gángan fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Oṣù Kejìlá 2023, a ń ṣe ìkórè ìjọ wa ní Du. Ọmọkùnrin Berom kan tí a jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ, òun ni ó sì bẹ bàbá mi títí ó fi gbà. Ó gbé maikirofóònù ọ̀tọ̀ sí ẹ̀bá ojú ìlù, ó gbé sípíkà kékeré kan kọjú sí bàbá mi, ó sì dín ohùn jìtá bàásì kù kí ó má baà gbé ti gángan mì. (Ọyẹ́ ń fẹ́, awọ ìlù sì le dáadáa, ìyẹn náà ràn wá lọ́wọ́.)

Bàbá mi lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó wo sípíkà náà. Ó tún lù ú. Ó wá kọjú sí ìyá àgbà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ìlù kò tí ì lọ jìnnà tí ìyá náà fi dìde, tí ó ń dá a lóhùn.

Nígbà tí a ń kó ẹrù, mo bá bàbá mi níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà kékeré náà, tí ó ń fi èdè Haúsá béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé èló ni wọ́n ń tà á.