Abíọ́dún Ojú Sánmà

Inú ìwé kan nípa ìràwọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bá orúkọ náà pàdé. Láàrin àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń pe ẹ̀rọ wọn, mo ṣàdédé rí Uhuru. Mo rò pé àṣìṣe àwọn òǹtẹ̀wé ni. Èdè Swàhílì ni. Òmìnira ni ó túmọ̀ sí. Kí ni òmìnira ń wá láàrin irin àti wáyà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ sí òfurufú?

Ìtànṣán X-ray tí dókítà fi ń wo egungun wa nílé ìwòsàn ń ti ojú ọ̀run wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó bo ilẹ̀ ayé kì í jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, àfi kí ó gòkè. Ní Oṣù Kẹfà 1962, Riccardo Giacconi, ọmọ Ítálì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ kan sókè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó lò lókè kí ó tó já bọ́, síbẹ̀ ó rí ìtànṣán náà láti apá ibi tí agbo ìràwọ̀ Àkéekèé wà. Ohun tí ó kù ni ẹ̀rọ tí yóò pẹ́ lókè. Wọ́n ṣe é tán, wọ́n sì fẹ́ kí ó máa gba orí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí yíyí ilẹ̀ ayé ti ń ran rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Àwọn ará Ítálì ní pèpéle irin kan lórí òkun nítòsí Malindi, ní Kẹ́ńyà. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ Ítálì ti yìn ín lọ sókè ní ọjọ́ 12, Oṣù Kejìlá 1970. Ọjọ́ náà gan-an ni òmìnira Kẹ́ńyà pé ọdún 7. Marjorie Townsend, obìnrin tí ó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà ní NASA, ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Uhuru.

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Bí àwa náà ti ń ṣe é kọ́ nìyẹn? Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ ọdún ni Abíọ́dún, èyí tí a bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Obìnrin yìí kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá àgbà ì bá ṣe lọ́jọ́ kẹjọ ni ó ṣe.

Ọmọ náà sì ṣiṣẹ́. Títí di Oṣù Kẹta 1973 ni ó fi ń yí lọ́ra lókè, bí ọdẹ tí ó de tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí tí ó ń wo igbó yíká. Ibi 339 ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ kẹrin rẹ̀, tí ó jáde ní 1978. Ó rí Centaurus X-3 tí ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.8 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: òkú ìràwọ̀ kékeré kan ni, tí ń yí, tí ó sì ń jẹ lára ìràwọ̀ kejì rẹ̀. Ó rí i pé ìtànṣán Cygnus X-1 kì í dúró lójú kan. Èyí ni ó mú kí àwọn mìíràn wá ibẹ̀ títí tí wọ́n fi rí ìràwọ̀ ńlá kan tí ohun tí ojú kò rí ń fà káàkiri. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ohun náà wúwo tó oòrùn wa lọ́nà 21. Ihò dúdú ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í tàn. Ohun tí ó fẹ́ gbé mì ni ó ń gbóná, tí ó ń ké kí ó tó wọlé.

Sátẹ́láìtì náà já wálẹ̀ ní 1979, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣì ń kọ 4U síwájú nọ́ńbà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí. U yẹn, Uhuru ni.

Mo ti ń yọ̀ tipẹ́ kí n tó bi ara mi pé ta ni ó ni ọmọ. Kẹ́ńyà ni ó ni òkun, Kẹ́ńyà ni ó ni ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ìmọ̀ náà gbà lọ. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún Giacconi ní 2002 tọ́ sí i, n kò bá a du ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a yá lórúkọ lásán kò tíì bímọ. Láti 1988, sátẹ́láìtì kankan kò ti orí pèpéle náà gòkè mọ́. Nígbà tí Kẹ́ńyà gbé Taifa-1 tirẹ̀ sókè ní Oṣù Kẹrin 2023, California ni ó ti gbéra, lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. Swàhílì náà ni Taifa. Orílẹ̀-èdè ni ó túmọ̀ sí.

Àwa náà gbé tiwa sókè láti Rọ́ṣíà ní 2003. NigeriaSat-1 ni a pè é: orúkọ tí Òyìnbó fún ilẹ̀ wa, ègé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, àti nọ́ńbà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Kẹ́ńyà ní Swàhílì tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà jọ ń sọ. Èwo nínú àwọn èdè wa ni à bá fi sọ ọ́ lórúkọ tí ìjà kò ní bẹ́ sílẹ̀? Síbẹ̀, ì bá wù mí kí á pe ìpàdé ìsọmọlórúkọ náà, kí á sì ja ìjà ọ̀hún.