Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ń Gbọ̀n Bí Ẹni Tí Ibà Mú

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ àgbà sọ̀rọ̀ díẹ̀, pàápàá èyí tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀, tí a ń pè ní ọ́tò. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe èyí tí mo fi ń bẹ àwọn ìjọ wa wò láàárín Òsì àti Ìlọ́fà. Òun kan náà ni a fi ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Nítorí náà, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ilé mi nìkan.

Bí eré bá ti wà láàárín kìlómítà 60 sí 80 ní wákàtí kan, tí ẹsẹ̀ mi sì rọra wà lórí epo, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n rìrì bí ẹni pé ojú ọ̀nà tí àgbàrá fọ̀ ni táyà ń gùn. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó dákẹ́. Arábìnrin kan ní ọwọ́ ọ̀tá ni, kí a gbààwẹ̀. A gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n Nehemáyà pàápàá fi òru yí odi Jerúsálẹ́mù ká, ó fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí ó wó, kí ó tó pe ènìyàn sí iṣẹ́. Mẹkáníìkì ní kí a ra jíà tòkunbọ̀. Iye tí ó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn opó. Mo ní kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Nǹkan roboto kan tí ó kún fún epo wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà; epo yìí ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ jíà. Ṣùgbọ́n yíyọ̀ tí epo ń yọ̀ níbẹ̀ ń jẹ bẹntiróòlù. Lẹ́yìn tí bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n ní 1973, àwọn aṣọkọ̀ wá ọgbọ́n sí i. Ní 1978, Chrysler ní Amẹ́ríkà fi kílọ́ọ̀ṣì kan sínú rẹ̀, tí yóò dì í mú ṣinṣin bí ọkọ̀ bá ti wà lórí eré, àwọn yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí epo bá ti gbó, kílọ́ọ̀ṣì yìí yóò dì mú, yóò yọ̀, yóò tún dì mú. Gbígbọ̀n náà nìyẹn.

Ẹ dán an wò báyìí, níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín. Bí ó ti ń gbọ̀n, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́rẹ́, kí iná ẹ̀yìn ṣáà tàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kílọ́ọ̀ṣì náà yóò tú lójú ẹsẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá dákẹ́, ibẹ̀ ni àrùn wà. Bí kò bá dákẹ́, ẹ lọ wo pulọ́ọ̀gì.

Tiwa dákẹ́. A fa irin tí a fi ń wọn epo jíà yọ, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí ìwé ọkọ̀ náà ti wí. (Ti Honda, pípa ni wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.) Epo náà pé, ṣùgbọ́n ó ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná, pupa ló sì yẹ kó jẹ́. Dexron ni ìwé náà ní kí a lò. Kì í ṣe gbogbo epo pupa ni ó jọra. Àwọn Toyota kan wà tí Type T-IV ni tiwọn.

Bí a bá tú epo náà, púpọ̀ rẹ̀ ṣì máa ń kù sínú nǹkan roboto yẹn. Ìdí nìyí tí a fi pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí a ń wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láàárín, a sì pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ ní ti àkọ́kọ́. Ìyẹ̀fun dúdú kíkúnná nìkan ni a bá nísàlẹ̀. Ká ní ègé irin ni, epo tuntun kì bá ti ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, gbígbọ̀n náà dínkù. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lọ. Owó opó kò sún kúrò níbi tí ó wà.

Mẹkáníìkì wa ti fi bíréèkì dán ọkọ̀ ẹlòmíràn wò láti ìgbà náà. Pulọ́ọ̀gì ni tirẹ̀.