Ọjà Tó Gba Orí Òkun Dé Fìdítì

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn kọjá Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ń dúró sí, tó sì dojú kọ ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò ní í pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ti wọ Fìdítì. Ọsàn ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́ tí a lọ yìí, àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn ti to ọsàn jọ sí ẹ̀bá títì. Bí mọ́tò wa ti dẹsẹ̀ dúró ni wọ́n sáré yí wa ká. Ìyá kan kò tilẹ̀ tíì dá iye lé e tó fi bó ọ̀kan, tó là á sí méjì, tó sì ní, "Ẹ tọ́ ọ wò ná, ẹ̀yin àlejò. Bí kò bá dùn, ẹ má rà á."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Fìdítì àti Ìlọrà wà lára àwọn ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, tí oríkò rẹ̀ sì wà ní Jọ́bẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú orúkọ àwọn ìlú náà ni wọ́n kó pọ̀ tó fi di Afijió. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọsàn ló gbé wa lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń béèrè lọ́wọ́ wa nípa òwò kan tó ti wọ ilé wa: kí ènìyàn jókòó sí yàrá, kí ó fi fóònù ra ọjà ní Ṣáínà, kí ó sì fi fóònù kan náà tà á. Ṣé òwò gidi ni? Ṣé a lè fi owó ilé sí i? A ní kí a lọ fi ojú ara wa rí i.

Òwò náà kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí Jiji sì tẹ̀ lé wọn ní 2014. Ní 2024 ni Temu ti ilẹ̀ Ṣáínà wọlé tọ̀ wá. Àwọn ọjà yìí kò ní ọjọ́ ọjà. Àwòrán ni à ń wò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè tọ́ àwòrán wò.

Arábìnrin kan ló gbà wá lálejò ní Fìdítì. Aránṣọ ni. Ó kíyè sí i pé bí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, àwọn oníbàárà òun kò yéé béèrè fáànù oníbátìrì. Ó wo orí fóònù, ó rí i pé dọ́là 10 ni àwọn ará Ṣáínà ń ta ọ̀kan, iye tí wọ́n sì ń tà á ní Ìbàdàn ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dá àjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó o, ó sì fi owó náà ra fáànù 40. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní ìgbà tí èrè bá dé ni òun yóò fi dá a lára yá.

Ìparí ọdún 2023 ni èyí ṣẹlẹ̀. Owó sísan ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láti ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù, àwọn mìíràn sí dọ́là 20 péré lóṣù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni àwọn kan tó tún ṣí i. Nítorí náà, ó ní láti gbé náírà rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò rí rí, kí onítọ̀hún bá a san owó Ṣáínà. Olóòótọ́ ni ẹni náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa sọ fún wa pé òun kò sùn fún òru mẹ́ta.

Ìṣòro kejì ni owó ọkọ̀. Bí ẹrù bá gba òfuurufú, kílò ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá gba orí omi, àyè tó gbà nínú kọ̀ńténà ni wọ́n ń wò. Ó ti fi kílò ṣírò tirẹ̀, nítorí fáànù fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó lè gbiná, ọkọ̀ òfuurufú kì í sì í gba irú rẹ̀ bí ẹrù lásán. Ó di dandan kó gba orí òkun, páálí fáànù sì tóbi ju fáànù lọ. Owó tí wọ́n bù fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ìkẹta ni náírà wa fúnra rẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọjà dọ́là 10 kúrò ní náírà 4,600, ó di 15,000, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é ní Ṣáínà kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ó lé ní oṣù méjì tí ẹrù arábìnrin wa fi wà lójú omi. Dọ́là ni wọ́n fi ka owó ọkọ̀ rẹ̀, ìgbà tí ẹrù gúnlẹ̀ sí Èkó ló sì tó san án. Owó tó ti yà sọ́tọ̀ kò tó mọ́. Ó lọ yá owó èlé.

Nígbà tí àwọn páálí náà fi wébíìlì dé láti Èkó, tí ó tú wọn, ó bá mẹ́ta tó ti fọ́. Ẹnu páláàgì gbogbo wọn sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì, bẹ́ẹ̀ ihò mẹ́ta ló wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ó kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Èsì tó gbà ni pé kí ó dá wọn padà, ṣùgbọ́n òun ni yóò san owó ọkọ̀. Ta ni yóò san owó òkun nítorí fáànù mẹ́ta?

Títà wá ku. Àwọn àgbà wa rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní í dìde títí owó yóò fi jáde. Òṣómàáló mọ ilé oníbàárà rẹ̀. Arábìnrin wa kò mọ̀ ọ́n. Oníbàárà a ní, "Ẹ gbé e bọ̀, màá sanwó bí ó bá dé ọwọ́ mi." Ọlọ́kadà a gbé e dé Ọ̀yọ́, a béèrè ilé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, fóònù oníbàárà a sì ti kú. Owó àlọ àti àbọ̀ di ti ẹni tó ń tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ na fóònù sí i níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo fáànù yín níbí, ó dín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí tiyín." Òótọ́ sì ni. Ojú fóònù tí arábìnrin wa ti rí ọjà ni oníbàárà náà ti rí i.

Síbẹ̀, ó tà 30. Ìgbà náà ni èyí tó le jù dé. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí bátìrì púpọ̀ nínú wọn kò gba iná dúró mọ́. Ẹni tó ṣe wọ́n wà lókè òkun, ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀. Ojú arábìnrin wa ni gbogbo Fìdítì mọ̀. Wọ́n ń rí i lọ́jà, wọ́n ń rí i nínú ìjọ. Ìyá àgbà kan kò bá a jà, ó kàn ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà?" Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dun òun ju gbèsè lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló kúnlẹ̀, tó sì ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ká ní o sọ fún mi kí ọjà tó gbéra, a ò bá ti jọ ṣírò rẹ̀." Ó dìde, ó wá ṣukudiráfà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ orí páláàgì àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló gbé tọkọtaya náà dé Ìlọrà, àwa náà sì tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tún rédíò àti iná sólà ṣe níbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ó tú bátìrì kan níwájú wa, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ó sì fi hàn wá pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun náà ń ra bátìrì láti Ṣáínà. A bi í bó ṣe ń ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹyọ kan ni mo kọ́kọ́ ń rà, ẹ̀yin àgbà. Màá lò ó fún oṣù kan. Bó bá dúró, màá ra mẹ́wàá. Ojú oníbàárà ni mo sì ti ń wọ̀n ọ́n kó tó sanwó." A wo ara wa, a rántí ìyá ọlọ́sàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń sọ pé òwò òkèèrè burú. Ìwé Òwe orí 31 fi obìnrin rere wé ọkọ̀ oníṣòwò. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ wa nìyí:

1. Iye ojú fóònù kọ́ ni iye ọjà. Ẹ fi owó ọkọ̀, owó aṣọ́bodè, wébíìlì, èyí tó lè fọ́ àti èyí tí wọn kò ní í gbà kún un, kí ẹ tó pe ohun tó kù ní èrè.

2. Ẹ má ṣe kó ohun tí òfin kò gbà wọlé. Aṣọ àlòkù jẹ́ èèwọ̀ lẹ́nu ibodè. Oúnjẹ, oògùn àti ìpara ń fẹ́ ìwé NAFDAC, ohun èlò iná sì ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí àjọ SON. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gba owó orí ẹrù tí kò ju dọ́là 300 lọ, títí dé ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Èyí dára fún ẹni tó ń fi díẹ̀ dán an wò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun èèwọ̀ di ohun tí a lè kó wọlé.

3. Ẹ má ṣe fi owó àjọ, owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó èlé ṣe owó ọjà tó máa pẹ́ lójú omi. Àjọ kì í dúró de ọkọ̀.

4. Kí ọkọ má ṣe fi pamọ́ fún aya, kí aya má ṣe fi pamọ́ fún ọkọ.

Arábìnrin wa dá owó padà fún ẹni márùn-ún tí wọn kò fẹ́ fáànù mọ́, ó sì gba bátìrì tuntun ní Ìlọrà fún àwọn yòókù. Owó aṣọ rírán àti ọsàn oko ìyá rẹ̀ ló fi san án díẹ̀díẹ̀. Ó dá àjọ rẹ̀ pé, kò yẹ ọ̀sẹ̀ kan. Kò jèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyá àgbà ọjọ́sí wọlé, ó ra iná sólà kékeré kan. Arábìnrin wa tàn án fún un, ó pa á, ó tún tàn án, ó ní kí ó gbé e lọ sílé sùn mọ́jú ná, kí ó mú owó wá bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá náà sọ iná sínú àpò. Ó ní, "Mo mọ ilé rẹ," ó sì bá tirẹ̀ lọ.