OWÓ ÈSÚSÚ WỌ INÚ ÀPÓTÍ ONÍNÁ, OJÚ Ẹ̀RỌ SÌ ṢÓKÙNKÙN!

Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ ọmọ télọ̀ kan lára ní Múṣìn, nílùú Èkó, lọ́dún 2024. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni, ọ̀rọ̀ owó yín sì ni pẹ̀lú.

Ọmọkùnrin náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, bùbá àti ṣòkòtò tó bá rán, kò sí oníbàárà tó ń dá a padà. Kì í mu sìgá, kì í rìn lóru. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú: géèmù orí kọ̀ǹpútà. Láti kékeré ló ti ń san owó wákàtí-wákàtí fáwọn tó ń fi géèmù pawó, bí wákàtí bá sì pé, wọn a ní kó dìde fún ẹlòmíràn. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun náà yóò ní tòun, òun yóò sì tò ó fúnra òun, nítorí ó gbọ́ pé ẹni tó bá ra ẹ̀yà ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì mọ̀ ọ́n rà, lè rí èyí tó lágbára ju ti inú páálí lọ lórí iye owó kan náà.

Níbo lowó ti wá? Èsúsú ni. Àwọn méjìlá ni wọ́n ń dá a, ₦50,000 lóṣooṣù. Ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ojúwòyè, ti wà nínú ẹgbẹ́ náà tipẹ́. Òun ló bẹ ìyá alájọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun kọ́kọ́ kó o, ₦600,000. Ẹ̀yin náà mọ òfin èsúsú: ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o, gbèsè ló kó yẹn. Oṣù mọ́kànlá ló kù tó gbọ́dọ̀ fi san án. Bí kò bá san án, onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò dì mú, ìyá yìí sì ni onígbọ̀wọ́. Orúkọ tó ti ń kọ́ lọ́jà láti ogún ọdún ló fi dúró fún ọmọ.

Ọmọ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ rà. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé géèmù ni.

BÓ ṢE NÁ ₦390,000 LÓÒJỌ́

Òun nìkan ló lọ sí Computer Village, ní Òtígbà n'Ìkẹjà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ bó ṣe rí. Kéèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀, wọ́n ti ń fà á lápá: "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ rà? Fóònù ni àbí laptop?" Ọ̀kan nínú wọn mú un wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Àpótí onígíláàsì ló kọ́kọ́ rí níbẹ̀, iná pupa, iná búlúù, iná àwọ̀ ewé ń yí po nínú ẹ̀ bí iná ọdún Kérésìmesì. Ọkàn rẹ̀ fò lọ. Ó rà á. Wọ́n ní páwà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ, wà nínú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ 1000 watt sí i lára gàdàgbà. Ó ra kíbọ́ọ̀dù oníná, ó ra máòsì oníná, ó ra ohun tí wọ́n ń fi bo etí gbọ́ ohùn, òun náà ń tàn yòò. Ẹ̀yìn èyí ló tó ra bọ́ọ̀dù, ràámù, SSD, àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ryzen 5 5600. Ó béèrè bóyá yóò máa fi àwòrán hàn títí tóun á fi ra káàdì àwòrán. Ẹni tó ń tà á ní, "Kò sí wàhálà, ẹ ṣáà máa gbé e lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tò ó, ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn yàrá rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Iná pupa tàn, iná búlúù tàn, fáànù ń yí. Ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn biribiri. Ó tú u, ó tún un tò. Òkùnkùn náà ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di aago mẹ́ta òru. Nígbà tó padà lọ sí Òtígbà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní bóyá òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

Ó gbé e wálé, ó fi ankárá bò ó mọ́lẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ò ṣeé sọ fún ìyá. Ẹni tó ń rán aṣọ kò ríran rán an dáadáa mọ́, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ìyá wá gba owó oṣù kejì ni àṣírí tú. Ó rí nǹkan tí wọ́n bò nígun yàrá. "Kí lo fi aṣọ bò bí òkú báyìí?" Ọmọ dọ̀bálẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí géèmù dórí òkùnkùn. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ rò pé igbe ni yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí ìyá sọ ni pé: "Ìwọ ọmọ yìí, tí oníbàárà bá ní kóo rán agbádá fóun, ṣé owó iṣẹ́ ọnà ọrùn lo máa kọ́kọ́ san, kóo tó mọ̀ bóyá aṣọ náà á tó?"

Ọmọ ní, "Rárá, Màámi."

"Ó dáa. Dìde. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀ ládùúgbò yìí?"

LẸ́TÀ KAN ṢOṢO LÓ FA WÀHÁLÀ

Ọkùnrin kan wà nítòsí ọjà, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, èlùbọ́ ìyá yìí ni wọ́n sì ń jẹ nílé rẹ̀. Ó tú àpótí náà, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Màmá, kò sí ohun tó bàjẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fà á." Ó ṣàlàyé pé ọpọlọ ẹ̀rọ yìí ní ìbátan tí orúkọ wọn jọra. Èyí tí wọ́n kọ 5600G sí lára, tó jáde lọ́dún 2021, lè ya àwòrán fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 5600 lásán sí, tó jáde lọ́dún 2022, yára jù ú lọ nídìí géèmù, ṣùgbọ́n kò lè ya ohunkóhun, àfi kí káàdì àwòrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Ó ní làákàyè, kò lójú ni."

Ọmọ mí kanlẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọkùnrin náà mú bírò, ó pín owó náà fún wọn bí ẹni ń pín ẹran Iléyá. Ó ní kí wọ́n fi ojú náírà mẹ́wàá wò ó. Káàdì àwòrán nìkan yóò jẹ tó náírà mẹ́rin, nítorí òun ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù. Ọpọlọ ẹ̀rọ, náírà méjì. Bọ́ọ̀dù, ràámù, SSD àti páwà, náírà mẹ́ta àti ààbọ̀. Àpótí, ààbọ̀ náírà tó kù. Iná tó ń tàn lára ẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ó ní bí ọpọlọ bá yá jù, tí káàdì ò lágbára, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan gùn ju èkejì ni: títiro ni yóò máa tiro.

Ó yin ọmọ níbi tó yẹ. Ihò AM4 ló wà lára bọ́ọ̀dù tó rà. Ihò yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ọpọlọ tó jáde lọ́dún 2022 sì ṣì ń wọ̀ ọ́. Ẹni tówó ọwọ́ rẹ̀ kéré lè fi kékeré bẹ̀rẹ̀, kó pààrọ̀ ọpọlọ lọ́jọ́ iwájú láì ra bọ́ọ̀dù tuntun. Ràámù 8 GB méjì tó rà náà dáa ju ẹyọ 16 GB kan lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni ẹrù ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá dárúkọ káàdì méjì. RX 580 jáde lọ́dún 2017, ó sì ń fẹ́ tó 185 watt. RX 6600 jáde lọ́dún 2021, 132 watt ni tiẹ̀, ó sì yára jù ú lọ. Ìyá dá a lóhùn kíákíá: "Sítóòfù tó ń jẹ kẹrosíìnì kékeré, tó tún ń tètè se ọbẹ̀, ṣé a ń bi ara wa léèrè ni?" Òótọ́ ló sọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni epo jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fọ̀wọ̀ rà.

Ó kìlọ̀ fún wọn nípa káàdì àlòkù. Títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan ń fi káàdì àwòrán wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Ethereum, tọ̀sán-tòru láì sinmi. Nígbà tí wọ́n yí ètò náà padà, tí káàdì ò wúlò fún un mọ́, wọ́n dà wọ́n sórí ọjà. Òmíràn ṣì lókun, òmíràn ti gbó bíi mọ́tò akérò. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, àfi kí wọ́n fi ṣiṣẹ́.

ÌYÁ ELÉLÙBỌ́ DÉ ÒTÍGBÀ

Lọ́jọ́ Sátidé, tìyátọmọ wọ dánfó lọ sí Ìkẹjà. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kí ẹni tó tajà náà, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó jókòó. Ó gbé páwà ọ̀fẹ́ náà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní kí wọ́n gbé òmíràn tó jẹ́ ojúlówó fóun sọ́wọ́ òsì. Ẹni tó ti ń wọn èlùbọ́ láti ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í purọ́. "Èyí tẹ́ ẹ kọ 1000 sí fúyẹ́ bí ewé ẹ̀kọ gbígbẹ. Èyí tẹ́ ẹ kọ 550 sí wúwo. Ọ̀gá, kí ló wà nínú ẹ̀ tí ò sí nínú tiwa?" Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín ìtìjú. Kì í ṣe ìwúwo nìkan la fi ń mọ páwà, ọkùnrin Múṣìn ti ní kí wọ́n wo àmì 80 Plus lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó fúyẹ́ jù, tí wọ́n kọ iye ńlá sí lára, ó yẹ kéèyàn fura sí i, nítorí bí iná bá ṣe ségesège, òun ló lè ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Wọ́n dá àpótí onígíláàsì padà, wọ́n dá àwọn nǹkan oníná padà, wọ́n gba àpótí lásán tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kíbọ́ọ̀dù lásán àti máòsì lásán. Wọ́n pàdánù díẹ̀. ₦80,000 ni wọ́n rí gbà. Pẹ̀lú ₦210,000 tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọmọ, ó di ₦290,000.

Ó ku káàdì. Ìyá ní òun ò ní ka owó kankan sílẹ̀ àfi kí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, kí géèmù máa lọ lórí ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n ní Màmá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ó ní òun náà kì í ra iṣu láì gé imú ẹ̀ wò. Wọ́n fi èkíní sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù ń ké bí ọlọ ata, ojú ẹ̀rọ sì kún fún ìlà aláràbarà. Ìyá ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi èkejì sí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà náà ló tó tú ìdí ìró rẹ̀, níbi tó di owó sí. Káàdì àti páwà gbé gbogbo owó náà lọ. Owó ọkọ̀ padà, ìyá ló san án.

Ọmọ san èsúsú náà pé. Oṣù kan wà tó fi òru rán aṣọ ẹbí kó tó rí i san, ẹ̀rọ géèmù wà ní yàrá kejì, kò tan án. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bóun bá jẹ gbèsè, òkùnkùn tẹlifíṣàn ọjọ́sí á kéré sí tojú òun. Nígbà tó san ti oṣù Kejìlá tán, ìyá wá sílé, ó jókòó tì í, ó ń wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀rọ.

"Èwo nìwọ nínú wọn?"

"Èyí tó gbé bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ yẹn, Màámi."

"Sáré nígbà yẹn, ọkọ mi. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó ń tàn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà sínú ìwé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ ka lẹ́tà ìparí orúkọ ọjà dáadáa, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, nítorí owó ọjà yìí kì í dúró sójú kan: ní ìparí ọdún 2025, owó ràámù fò sókè kárí ayé. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ ò bá tiẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ mọ ọjà. Ẹ tẹ̀ lé ọmọ yín lọ.