Trakai: Odi Wó, Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Kò Lọ

Láti Vilnius, olú-ìlú Lithuéníà, dé Trakai kò tó ọgbọ̀n kìlómítà; rélùwéè tí mo wọ̀ kò lò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Bí èèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó forí lé ìgboro, omi ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ tóóró kan tó yọ sáàárín adágún ni ìlú náà tẹ̀dó sí: Totoriškės wà ní ìwọ̀-oòrùn, Luka ní ìlà-oòrùn, Galvė ní àríwá. Erékùṣù 21 ló wà nínú Galvė nìkan, omi rẹ̀ sì jìn ju mítà 40 lọ.

Omi yìí ló fa ojú àwọn aláṣẹ Lithuéníà mọ́ra. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn ajagun Teutonic, ẹgbẹ́ ológun onísìn Kristẹni láti Jámánì, kò jẹ́ kí Lithuéníà fojú kan oorun. Kęstutis, ọ̀kan lára àwọn aláṣẹ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi sórí erékùṣù kan nínú Galvė, ọmọ rẹ̀ Vytautas, tó wá di olórí Lithuéníà, sì parí rẹ̀. Àfi ìgbà tó di ọdún 1410, tí Vytautas àti Jogaila, ọba Pólàndì, ṣẹ́gun àwọn Teutonic náà ní ogun Žalgiris. Bí ọ̀tá ṣe rọ, odi di ààfin.

Ibẹ̀ ni Vytautas kú sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1430, lẹ́ni nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Sigismund, ọba Jámánì, ti ṣèlérí láti fi í jọba, ṣùgbọ́n àwọn ará Pólàndì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń gbé adé bọ̀. Adé kò dé.

Ogun Rọ́ṣíà ní ọdún 1655 sọ odi náà di àlàpà. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n tó tún un kọ́, òkúta ńláńlá nísàlẹ̀, bíríkì pupa lókè. Ó ti di mùsíọ́mù láti ọdún 1962.

Àwọn Karaim ni kò wó. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá ni Vytautas kó wọn wá láti Krimea, wọ́n sì ń ṣọ́ odi fún un. Èdè wọn bá ti àwọn ará Tọ́kì tan. Májẹ̀mú Láéláé ni wọ́n fi ń sin Ọlọ́run, wọn kò tẹ̀ lé Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn Júù. Ní òpópónà Karaimų, ilé onípákó wọn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ yẹ́lò àti àwọ̀ ewé kọjú sí títì pẹ̀lú fèrèsé mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ti Ọlọ́run, ọ̀kan ti onílé, ìkẹta ti Vytautas. Kenesa, ilé àdúrà wọn, wà ní òpópónà kan náà.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ kibinai. Ó jọ míìtì páì, àmọ́ ẹran àgùntàn tí wọ́n fọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ lọ́ etí rẹ̀ bí okùn. Bí mo ṣe gé e jẹ báyìí, omi ẹran gbígbóná ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi. Àwọn Karaim kò tó 300 mọ́ ní gbogbo Lithuéníà, síbẹ̀ kò sí ilé oúnjẹ tí mo yà ní òpópónà náà tí kò ta kibinai, àwọn tí kì í ṣe Karaim ló sì pọ̀ jù nídìí tábìlì.