Òṣùká Lórí Alùpùpù

Àpò ẹrù rírọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín ni èyí tí wọ́n fi aṣọ náílọ́ọ̀nù tó nípọn, kánfáàsì tàbí tápólì ṣe, tí ẹni tó ń gun alùpùpù máa ń fi okùn dè mọ́ ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń lọ sí ìrìn àjò tí yóò sùn lọ́nà. Orogún rẹ̀ lọ́jà ni àpótí líle, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tàbí ike ṣe, tí ó ní ìdérí àti kọ́kọ́rọ́, tí ó sì ń jókòó lórí irin tí wọ́n dè mọ́ férémù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú méjèèjì yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa iye lítà tí ó ń gbà, nípa òjò àti nípa owó, yóò sì gbọ́ léraléra pé èyí ni ààbò rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí pé tọ̀hún ni. Ọ̀rọ̀ ààbò yìí, bí ó ti kéré tó, ni kò jẹ́ kí ọkàn òǹkọ̀wé yìí balẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà sọ ẹni tí àpò náà ń dáàbò bò, wọn kì í sì í sọ ohun tí ó ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jebel Ali ni ibi tí ó yẹ kí a ti bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí àpótí líle ti jọba tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ilẹ̀ yanrìn etí òkun ni ó jẹ́, ní ìpẹ̀kun Dubai tó kọjú sí Abu Dhabi, kí wọ́n tó gbẹ́ èbúté síbẹ̀, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣí ní ọdún 1979. Ní 1985 ni wọ́n tún dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ti lè kó ọjà wọlé kí wọ́n sì tún kó o jáde láìsan owó ibodè. Ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán àti ní òru ni kọ̀ǹténà, àpótí irin tí Malcom McLean, onítírélà kan ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi Ideal X gbé ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 1956, nígbà tí ó kó 58 irú rẹ̀ láti Newark lọ sí Houston. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ alábàárù ti kúrò lára ọ̀pọ̀ ọjà tó ń gba orí òkun, nítorí kọ̀ǹténà kò bìkítà nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì bìkítà nípa ẹni tó ń gbé e: ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40 náà ni ní Jebel Ali bí ó ti rí ní Àpápá.

Láàrin àwọn tírélà tó ru àpótí wọ̀nyí ni àwọn oníalùpùpù máa ń gbà jáde ní òwúrọ̀ Sátidé, láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta tí ooru bá rọlẹ̀, tí wọ́n á sì mú Emirates Road, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní E611, pọ̀n. Àwọn kan ń lọ sí Hatta, ìlú orí òkè tó jẹ́ ti Dubai ṣùgbọ́n tó jìnnà sí i tó nǹkan bí kìlómítà 130; àwọn mìíràn ń lọ sí Jebel Jais ní Ras Al Khaimah, òkè tí ó ga ju mítà 1,900 lọ; àwọn mìíràn sì ń gba Sharjah lọ sí Khor Fakkan, lórí títì tuntun tó la inú òkè já, èyí tí wọ́n ṣí ní 2019.

Ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ojú aṣọ rí kò kéré. Oòrùn ibẹ̀, tí ooru rẹ̀ máa ń ju 45 lọ lórí ìwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ń jẹ òwú tí wọ́n fi rán àpò kí ó tó jẹ aṣọ fúnra rẹ̀, tí àpò tí ó ṣì dára lójú yóò fi já lójú okùn. Iyanrìn ń wọ ẹyín síìpù, bí síìpù bá sì ti ha lẹ́ẹ̀kan nínú aginjù, ó di dandan kí a ya á. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ ọ̀nà náà fi máa ń yan àpò tí ẹnu rẹ̀ kò ní síìpù rárá, tí a kàn ń ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó fi ìdè há a ní ọ̀tún àti ní òsì. Sàlẹ́ńsà, ìyẹn irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, yóò yọ́ ike àti rọ́bà bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ láàrin wọn tàbí kí a fi páànù kékeré dáàbò bò ó. Ní ti òjò, àwọn kan gbà pé kò yẹ kí a máa náwó lé e lórí ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16, oṣù kẹrin, ọdún 2024, òjò tó rọ̀ ní Khatm Al Shakla, ní agbègbè Al Ain, tó mìlímítà 254.8 kí ọjọ́ kan tó pé, èyí tó pọ̀ jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1949, títì Dubai àti ti Sharjah sì di odò tí mọ́tò ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àpò tí omi kò lè wọ̀ ní láti mọ̀ pé ọ̀nà tírélà ni irú rẹ̀ ti wá: ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Hartmut Ortlieb, ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, tí ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí tápólì bo ẹrù rẹ̀ dáadáa, ó sì padà sílé lọ fi tápólì ṣe àpò, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lé e lórí ní ọdún 1982.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, ẹrù ni ó kàn. Ìgbà tí alùpùpù bá kúrò lórí ọ̀dà, tí ó bọ́ sórí yanrìn, ni ara ẹni tó gùn ún tó wọ inú ọ̀rọ̀. Nínú yanrìn, táyà iwájú máa ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹni tó gùn ún á sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Alùpùpù kò dúró, ẹsẹ̀ tó ti rì sínú yanrìn ni ó dúró, tí igun àpótí irin tó wà lẹ́yìn yóò sì gbá ojúgun tàbí iṣan ẹsẹ̀ náà mú, tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Egungun ń ṣẹ́ lọ́nà báyìí, àwọn tó ń gun alùpùpù lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àpò rírọ̀ lè gbá ẹsẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n yóò tẹ̀ fún un. Àpótí alumíníọ̀mù méjì pẹ̀lú irin tó gbé wọn lè wúwo ju kìlógíráàmù 15 lọ kí a tó kó ohunkóhun sínú wọn, àpò rírọ̀ méjì kì í sábà tó ìdajì ìyẹn. Bí ènìyàn bá sì ṣubú nínú yanrìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ dìde. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ààbò ti pín sí méjì: àpótí líle ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọ̀nà, àpò rírọ̀ ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹrù.

Bí a bá ti rí èyí, kò ṣeé ṣe kí a má rántí Gánà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ní láti fi ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n lè gba ara wọn là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí alùpùpù nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní ilẹ̀ náà. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ pọ̀, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho. Wọ́n ń ṣòwò ní Accra, ní Kumasi, àti ní Tamale níhà àríwá, níbi tí J. S. Eades ti ṣe ìwádìí tó fi kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá, èyí tó jáde ní 1993. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ilé, wọ́n ti bí ọmọ tí kò mọ ìlú mìíràn, wọ́n sì ní ìsọ̀ lọ́jà tó kún fún ọjà tí wọ́n kó fún àwọn oníbàárà wọn ní àwìn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ń lọ sópin, ohun gbogbo tó le ni ó dúró: ilé dúró, káńtà dúró, àpótí ńlá tí a fi pákó kàn dúró, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n náà dúró. Ohun tó rọ̀ ni ó bá wọn dé ilé, aṣọ tí a dì sínú aṣọ, owó tí a so mọ́ ìdí, ẹní tí a ká, ọmọ tí a pọ̀n. Àwọn ènìyàn náà kò yan ìdì aṣọ nítorí pé ó fúyẹ́ tàbí pé ó rọrùn láti so mọ́ orí ọkọ̀. Wọ́n yàn án nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ara lè gbé sá, nígbà tí ara fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láti gbé là.

Ọdún kẹrìnlá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò, àwọn ará Gánà tí iye wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan sì tú jáde lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n ru báàgì oníke aláwọ̀ oríṣiríṣi náà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Báàgì yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ń kó ọjà sí ní Deira, ní Dubai, lónìí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníkágò. Ó yẹ kí ó dun ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pé ohun tí àwọn bàbá àti ìyá kan ní Èjìgbò ti fojú rí ní Gánà ni àwọn ará Gánà tún wá fojú rí láàrin wa, àti pé inú báàgì ni orúkọ ìtìjú náà fi ṣe ilé.

Ìdì aṣọ àwọn tí a lé yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ àpò alùpùpù yé òǹkọ̀wé yìí ju bí ìwé àlàyé ọjà ṣe lè mú un yé e lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ohun kan fi rọ̀, kí a wo ibi tí ó fi kan ara. Alábàárù ọjà Dùgbẹ̀ tàbí ti Oyíǹgbò kì í gbé ẹrù sórí láìsí òṣùká, ìyẹn aṣọ tí a ká bí òrùka tí a sì fi sáàrin orí àti ẹrù. Òṣùká kò fi ohunkóhun kún ẹrù, kò sì jẹ́ ti ẹni tó ni ọjà, alábàárù ni ó ni ín, orí rẹ̀ nìkan ni ó sì wà fún. Àpò rírọ̀ jẹ́ òṣùká tí ó tóbi débi tí ẹrù fi wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ kí a tó bá a gbé e, òwe náà sì gbà láìsọ ọ́ pé ẹlẹ́rù wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Hatta fún ìgbádùn jẹ́ ẹlẹ́rù àti alábàárù pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi lè dúró níwájú ìsọ̀ kí ó máa yan èyí tó wù ú.

Àwọn mìíràn wà lórí títì kan náà tí wọn kò ní irú àǹfààní yẹn. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, tí púpọ̀ wọn wá láti Pakistan, Íńdíà, Bangladesh àti Nepal, tí àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà láàrin wọn, ń rìn láti Jebel Ali títí dé Sharjah pẹ̀lú àpótí líle gíga lẹ́yìn wọn. Àpótí náà ga nítorí oúnjẹ, ó le nítorí oúnjẹ, ó sì ní ìbòrí inú tí kò jẹ́ kí ooru jáde nítorí oúnjẹ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ Shamal, ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú eruku, bá dé, ó ń ti àpótí yìí bí ẹni ti ilẹ̀kùn, alùpùpù tó gbé e sì kéré púpọ̀ sí ti àwọn tó ń lọ sí orí òkè. Àjọ RTA, tó ń ṣe àkóso ọ̀nà àti ìrìnnà ní Dubai, ti ṣe ìlànà fún ìwọ̀n àpótí náà, ó sì ti kọ́ ibi ìsinmi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ohun rere sì ni méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tó ni ẹrù ni ó yan àpótí, ẹni tó ru ú kò sí níbi tí wọ́n ti yàn án.

Ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹni tí kò ní kúrò lórí ọ̀dà, tí ó sì ń gbé ohun tó lè fọ́, bíi kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà, lè lo àpótí kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹni tí yóò fẹsẹ̀ kan yanrìn, kí ó ra àpò rírọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń ká, kí ó kó ohun wúwo sí ìsàlẹ̀ àti sí iwájú, kí ó sì fi ìdajì ohun tó fẹ́ kó sílẹ̀ nílé. Ẹ̀bẹ̀ tó kù jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra àpótí fún àwọn agbóúnjẹ-kiri: kí wọ́n pe àwọn tó ń gùn ún jókòó kí wọ́n tó ra òmíràn, kí wọ́n bi wọ́n léèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe wọ́n lórí títì E311 àti ibi tí igun àpótí ti ń gbá wọn lẹ́yìn, kí wọ́n sì dín gíga rẹ̀ kù, kí wọ́n fi ohun rírọ̀ sí ibi tí ó ti ń kan ara, kódà bí oúnjẹ yóò bá tilẹ̀ tutù díẹ̀ kí ó tó délé.